Lẹ́tà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Lẹ́tà tí wọ́n fi yọ mí nípò, èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré o. Báírò mi ni, ìwé mi ni, ọwọ́ mi ló kọ gbogbo ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, lórí tábìlì ìjẹun nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Tí wọ́n bá ní kí n búra, mo ṣe tán. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, inú ṣì ń bí mi, ẹni tó bá sì ní kí n gbàgbé, kó kọ́kọ́ lọ gbàgbé tiẹ̀ ná.

Ó ju ogún ọdún lọ tí mo fi ṣe mánéjà àgbà fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Àwọn èèyàn máa ń rò pé mánéjà àgbà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù. Rárá o. Kóòṣì ló ń ṣe ìyẹn. Tèmi ni kí wọ́n rí ilé sùn, kí bọ́ọ̀sì wọn wà nílẹ̀, kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn pé, kí n bá ìyá ẹni tó fẹ́ sá lọ sọ̀rọ̀, kí n wá dókítà fún ẹni tó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Ọjọ́ tá a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Onikan, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé, èmi náà ni mo máa ń kẹ́yìn jáde. Ìyàwó mi a máa sọ pé tóun bá fẹ́ rí mi, àfi kóun lọ wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Mi ò ní iṣẹ́ mìíràn, mi ò sì wá òmíràn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ wà títí ẹsẹ̀ mi ò fi ní lè gbé mi mọ́.

Èmi àti Alága ẹgbẹ́ wa, ọmọ àdúgbò kan náà ni wá. Ilé kéwú kan náà la lọ. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Òun ló mú mi wọ iṣẹ́ yẹn. Ó mọ òwò ṣe, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ìwé kíkọ rárá, torí náà kò sí lẹ́tà kan tó jáde lórúkọ ẹgbẹ́ tí kò gba ọwọ́ mi kọjá. Tó bá wá jẹ́ lẹ́tà ìdádúró, a ní bá a ṣe ń ṣe é. Yorùbá ni màá kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Alága á ka Yorùbá yẹn sókè fún ẹni náà lójúkojú nínú pálọ̀ rẹ̀, kó tó wá fún un ní ti òyìnbó tí akọ̀wé tẹ̀. Ó ní òun ò lè fi òyìnbó lé ẹni tó ti bá òun jẹun. Bákan náà, a kì í kọ orúkọ sí i. Àyè orúkọ á ṣófo títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa kà á, nítorí òfófó. Ní Èkó yìí, kí báírò tó gbẹ lórí ìwé, wọ́n á ti gbọ́ lọ́jà Jankara. Èmi gan-an ni mo mú àbá àìkọ orúkọ yẹn wá, mo sì máa ń fi yangàn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ kan, Alága fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí n bá òun kọ lẹ́tà ìdádúró kan, ẹni tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ni, òun ò sì fẹ́ kó dùn ún jù. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, ṣé èmi náà ò mọ̀ ni? Mo ní mo mọ̀. Kí ni mo mọ̀ gan-an? Kóòṣì ló wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ Pópó Àgùdà ni, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì ti ń nà wá léraléra ní sáà yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ni. Nígbà Kérésìmesì, ilé rẹ̀ làwọn ọmọ mi ti ń jẹun. Tó bá di Iléyá, ilé mi lòun wà látàárọ̀.

Ṣé mo bẹ Alága pé kó fi ọkùnrin náà sílẹ̀? Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo rò ó lọ́kàn mi pé tí mo bá ta kò ó, wọ́n lè ní kí èmi náà máa lọ. Mo bá jókòó, mo fi gbogbo ọgbọ́n orí mi sí i kó lè dùn. Mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí ẹ ṣe kò lè pa rẹ́ lọ́kàn wa. Mo kọ ọ́ pé ó tó àkókò kí ẹ fara balẹ̀ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín. Mo tún wá fi ọ̀rọ̀ kan sí i tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n fi sí i: pé kí ẹni náà má yọjú sí pápá ní gbogbo sáà tó ń bọ̀, kí ọkàn àwọn agbábọ́ọ̀lù má bàa pín sí méjì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, tí ẹni tá a yọ ń wá jókòó sáàárín àwọn olùwòran, táwọn ọmọ sì ń wojú rẹ̀ dípò ẹni tuntun. Nígbà tí Alága kà á, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kò sẹ́ni tó mọ lẹ́tà kọ bíi tèmi. Mo dúpẹ́. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ya òmùgọ̀ tó!

Lọ́jọ́ kejì, Kóòṣì bá mi lọ sí Jankara, mo fẹ́ ra ẹní. Bá a ṣe ń lọ, tó ń tiro, ó bi mí bóyá mo ti gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu Alága nípa òun, torí àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n fẹ́ yọ ẹnì kan. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ó gbà mí gbọ́, ó sì bá mi ru ẹní náà délé.

Láàárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alága pè wá sí pálọ̀ rẹ̀. Mo múra bí ẹni tó ń lọ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo bá àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì níbẹ̀, àti ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó wọ kóòtù, tó gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ dání. Mo rò pé ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ló rán an wá. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo tiẹ̀ dìde fún un lórí àga tó wà lábẹ́ fáànù. Kóòṣì nìkan ni mi ò rí. Alága wọ awò ojú rẹ̀, ó yọ ìwé jáde, mo sì rí i pé èyí tí mo fọwọ́ kọ ni. Mo ní kó jẹ́ ká dúró de Kóòṣì ná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Orúkọ mi ló fi bẹ̀rẹ̀.

Mo rò pé ó ṣì í kà ni. Ó ń kà á lọ. Ẹni tí kò pè mí ní ẹ̀yin rí láyé, ó ń pè mí ní ẹ̀yin, torí pé fún ẹni tó dàgbà jù mí lọ ni mo kọ ọ́. Níbi tí mo ti sọ pé iṣẹ́ yín kò lè pa rẹ́, ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó sì ṣe mí bíi kí n fọ́ ọ létí. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ pápá, mo dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi lẹ wá ṣe báyìí fún?"

"Ìwọ lo kọ ọ́," ó ní. "Tí kò bá dáa fún ẹ, ṣé ó wá dáa fún ẹlòmíràn?"

Ọkùnrin oníkóòtù náà dìde lórí àga tí mo fún un, wọ́n ní òun ni mánéjà àgbà tuntun. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun á máa pè mí fún ìmọ̀ràn. Kò tíì pè mí dòní.

Ẹni tá a jọ kéwú lórí ẹní kan náà ló ṣe mí báyìí. Ó dà mí, ó dà mí pátápátá. Ì bá fà mí sí kọ̀rọ̀ kó sọ fún mi, màá sunkún, màá sì gbà. Ó ní kí n gbẹ́ sàréè ara mi, mo bá a gbẹ́ ẹ, mo tún gbá etí rẹ̀ mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti ń sọ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì mi, pé ó ti rẹ̀ mí ni. Ta ni màá lọ bá ṣàlàyé?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Kóòṣì wọlé wá tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Inú ń bí i jù mí lọ. Ó ní òun ò lè bá ẹni tó hu irú ìwà yẹn ṣiṣẹ́, òun ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n bá òun tún un ṣe, torí èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ó fún mi níwèé náà. Mo gbà á. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹlẹ̀, òun nìkan ló yà sọ́dọ̀ mi, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ó kúkú ku ẹnì kan fún mi.

Ìyàwó mi gbé omi fún un. Ó mu ún, ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

"Mánéjà," ó ní, "nígbà tí ẹ̀ ń kọ lẹ́tà yẹn, ta lẹ rò pé ẹ̀ ń kọ ọ́ fún?"

Mo lè parọ́. Mo lè dárúkọ ẹni tó ń tọ́jú ilé ẹrù wa, ìyẹn náà ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo wo ìwé ọwọ́ mi, mo wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni."

Ó bi mí bóyá mo ti kọ ọ́ tán lọ́jọ́ tóun bi mí léèrè. Mo ní mo ti kọ ọ́ tán. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó ká a, ó fi sápò. Ó kí ìyàwó mi pé ó dàbọ̀, ó sì tiro jáde. Kò bú mi.

Òun ló ṣì ń ṣe kóòṣì lábẹ́ ẹni tuntun. Èmi ò yọjú sí pápá. Àwọn èèyàn máa ń wá bá mi nílé, wọ́n á ní ọ̀dàlẹ̀ lòun náà, pé bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi lóòótọ́, ì bá bá mi kúrò. Tí wọ́n bá fẹ́ ká jọ bú Alága, mo ṣe tán, mo lè bú u títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ti Kóòṣì ni mi ò lè bá wọn sọ.