Alùpùpù Tí Bàbá Pa Lépo

Bí epo pupa bá dà pọ̀ mọ́ pẹtiróòlù, òórùn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè ṣàpèjúwe fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Mo gbọ́ ọ ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ọyẹ́, ní Òde-Ayé, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kò tíì kúrò nímú mi.

Mo ti yege ìdánwò ilé ìwé girama ní Òkìtìpupa. Wọ́n ní ẹni tí kò bá yọjú lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. A kò sì ní ẹbí níbẹ̀ tí mo lè máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ ọjà nìkan ni lọ́rì ń kọjá nílùú wa. Àwọn àgbà ilé ní kí n jókòó ti Ìyé, ìyá mi, kí n máa bá a fún epo, obìnrin ṣáà ni mí. Bàbá kò bá wọn jiyàn. Ó ní òun ń lọ sí Èkó lọ ra alùpùpù tí òun yóò fi máa gbé mi lọ, tí òun yóò fi máa gbé mi bọ̀. Àlòkù ni agbára rẹ̀ ká. “Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ,” ló ń wí, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Ìyé. Àbúrò rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń ná Èkó sí Ìgbókòdá, inú rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n gbé alùpùpù náà sí. Bàbá, ará oko Ìkálẹ̀ tí odò kékeré pàápàá ń bà lẹ́rù, gbà tìpátìkúùkù. Ìyé wá kìlọ̀ fún un: “Iyọ̀ ojú omi ń jẹ irin o. Ẹ fi epo pa á.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí irin nílé wọn. Ó gbé agolo epo kan lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì tó ní òun yóò padà pé, a ò rí Bàbá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀, Ìyé ò sì bi mí pé kí ni mò ń wò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi la gbọ́ ariwo láti ọ̀nà Òkìtìpupa.

Ohun tó yọ sí wa kò jọ alùpùpù. Eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn látòkè délẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ pọ́n bí ọmọ tuntun. “Mo ti dé o!” ló kígbe, ó sì ré ilé kọjá. A pàtẹ́wọ́. Ó yí po ní pápá ṣọ́ọ̀ṣì, ó padà, ó tún kọjá. Àdúgbò ń hó yèè, wọ́n ní Bàbá Fadékẹ́ ń ṣe fáàrí, kí ló dé tí kò ní ṣe é? Mò ń fò sókè, mò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta, ó wo ojú mi, ó ní, “Fadékẹ́, lọ múra o! Ọ̀la la ń lọ!” Ó tún kọjá lọ.

Ìyé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé epo ń kán lára táyà. “Ẹ̀yin èèyàn,” ó pariwo, “ọkọ mi ò lè dúró!” Ó sáré lọ sí ibi tí a ti ń fún epo, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ògùṣọ̀, pàǹtí ẹyìn tí a ti fún tán, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Bàbá Fadékẹ́, ibí ni kẹ́ ẹ gbà! Ibí!” Bàbá yà bàrá, òun àti alùpùpù sì wọ inú òkìtì náà wìì.

Kò sí ibi tí Bàbá kò fi epo pa, títí kan bíréèkì. Ẹni tó sì kọ́ ọ ní gígùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo l'Ékòó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbéra. Ti dídúró, bíréèkì nìkan ló mọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ́ńjìnì. Ó yọ orí jáde nínú ògùṣọ̀, ó ní, “Ìwọ lo ní kí n pa á lépo.”

Ìyé ní, “Mo ní kẹ́ ẹ pa á lépo, mi ò ní kẹ́ ẹ dín in!”

Gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi bá ara wọn ṣeré títí Ìyé fi kú.

Ọṣẹ dúdú àti eérú ni Ìyé fi fọ bíréèkì náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé mi jókòó sẹ́yìn Bàbá. “Ọma mi, dì í mú dáadáa.” Nígbà tí mo sọ̀ ní Òkìtìpupa, epo orí ìjókòó ti gba gbogbo ẹ̀yìn aṣọ funfun mi, ó sì di pé Ọmọ Elépo ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde. Nígbà náà, ojú ń tì mí. Báyìí, bí ẹnìkan bá pè mí bẹ́ẹ̀, inú mi á dùn jọjọ.

Lẹ́yìn tí a sin Ìyé ni Bàbá tó sọ fún mi pé Ìgbókòdá lòun ti mọ̀ pé bíréèkì kò mú. Wọ́n ní kó sùn síbẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá a tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ó ní, “Ṣé ọjọ́ kejì kọ́ ni Ajé ni?”

Mo ti ju ọjọ́ orí tí Bàbá wà nígbà náà lọ, èmi náà sì ń wa mọ́tò. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà lórí ohun tí kò lè dúró, ẹ̀mí ara mi ni ǹ bá máa ké sí Ọlọ́run fún. Òun rántí láti sọ fún mi pé kí n lọ múra.