Orogún Tí Kì Í Jà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ èmi àti ẹnìkejì mi di ìyàwó ọkùnrin tí Ọlọ́run kò dá rí. Ọ̀rọ̀ Hausa ni, ẹnìkejì mi ló sì ṣì í sọ.

Ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni mo dé Sókótó. Irun ni mò ń dì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń fi ọkọ lọ̀ mí lọ́tùn-ún lósì, tí mo sì ń rí àléébù kan lára olúkúlùkù wọn. Ọ̀kan ń jẹun tariwo-tariwo. Òmíràn ga jù. Ẹnì kan kò tiẹ̀ ní àléébù rárá, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọkùnrin kì í wù mí. Obìnrin ló ń wù mí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ nílé wa, orí òkè àdúrà ni wọn yóò gbé mi lọ, wọn kò sì ní tètè gbé mi sọ̀. Mo di ẹrù mi, mo wọkọ̀ lọ sí òkè Ọya. Ẹni tó ń sá fún òjò ló wá lọ kó sódò, nítorí ní Sókótó, ẹni tí wọ́n bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa rẹ̀ kò ní rí orí òkè àdúrà. Igi tí wọn yóò fi lù ú ni yóò rí.

Àdúgbò Gawon Nama ni mo ti pàdé ẹnìkejì mi. Ọmọ Ìlọrin ni, aránṣọ, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rín ju oúnjẹ lọ. Mo gbé aṣọ lọ fún un pé kó bá mi rán búbà. Ó wọn ìbàdí mi, ó wọn ejìká mi, ó sì tún padà wọn ìbàdí, ó ní òun ti gbàgbé iye tó jẹ́. Nígbà tó tún ní òun gbàgbé, mo mọ̀ pé kò gbàgbé nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí a fi ń wá ilé tí a ó jọ máa gbé. Wọ́n ní yàrá wà ní àdúgbò Gidan Igwai, ṣùgbọ́n kò sí onílé tó fẹ́ gba obìnrin tí kò lọ́kọ; aṣẹ́wó ni wọn yóò kà á sí. Nítorí náà a hun irọ́ kan. Èmi ni mo lọ́kọ, dírẹ́bà ni, ó ń kó àlùbọ́sà lọ sí Ìbàdàn, ẹnìkejì mi sì jẹ́ àbúrò mi. Nítorí pé Hausa tèmi kò tíì jinlẹ̀, òun ni yóò máa sọ̀rọ̀.

Onílé náà jẹ́ àgbàlagbà Àlájì oníwà pẹ̀lẹ́ tó ń ta màlúù ní Kasuwar Kara. Ó béèrè ọkọ. Ohun tó yẹ kí ẹnìkejì mi sọ ni “mijinta,” ìyẹn ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó ní “mijinmu,” ọkọ wa.

Àlájì mi orí. Ó ní, háà, orogún ni yín, èwo wá ni ìyálé? Mo nawọ́ sí ẹnìkejì mi. Lẹ́sẹ̀ kan náà, òun náà nawọ́ sí mi. Àlájì wò wá títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun kò rí orogún tí ń fi ipò ìyálé lọ ara wọn. Kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ó fún wa ní yàrá méjì tó kọjú síra nínú àgbàlá, lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó tirẹ̀. Ọ̀kan la ń sùn sí. Láràárọ̀ ni mo máa ń lọ da bẹ́ẹ̀dì kejì rú, kó lè dà bíi pé ènìyàn ti ibẹ̀ dìde.

Òkìkí wa kàn. Bí èmi bá ń dáná, òun a máa fẹ́ iná. Bí ibà bá mú òun, èmi a jókòó tì í títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Àlájì a dúró láàárín àgbàlá, a máa fi wá báwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì wí, pé kí wọ́n wo àwọn Yorùbá, ọkọ wọn kò tiẹ̀ sí nílé láti là wọ́n níjà, síbẹ̀ wọn kì í jà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ti Kara wá láti wò wá. Ọ̀kan nínú wọn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó béèrè oògùn tí ọkọ wa lò, àti bóyá ó lè bùn òun díẹ̀.

Ìyálé Àlájì ni kò fẹ́ràn òkìkí yìí. Obìnrin gbàǹgbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹlẹ́hàá ni àwọn ìyàwó Àlájì, wọn kì í jáde, nítorí náà inú ilé ni mo ti máa ń dirun fún òun àti ìyàwó kékeré. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orí rẹ̀ wà láàárín itan mi, mo ń ya ojú irun lọ́wọ́, ó dédé ní:

“Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jà.”

Mo rò pé n kò gbọ́ Hausa náà dáadáa. Ó wá là á yé mi. Ó ní kí a tó dé, bí òun àti orogún òun bá jà, Àlájì a ra aṣọ fún tọ̀tún tòsì láti fi pẹ̀tù sí wọn nínú. Ìjà náà kò burú, àwọn méjèèjì mọ bí wọ́n ṣe ń jà á. Àmọ́ láti ìgbà tí a ti dé, bí wọ́n bá ti la ẹnu báyìí, àwọn Yorùbá ni yóò máa fi ṣàpẹẹrẹ fún wọn. Kò sí aṣọ, kò sí ìjà, ilé ti sú wọn.

Mo sọ fún ẹnìkejì mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹ̀bẹ̀ àgbà kò ṣeé kọ̀. A pinnu ohun tí a ó bá ara wa jà lé lórí. Lẹ́yìn ìrun alásárì, mo gbé ọmọ odó dání, a bọ́ sí àgbàlá, a sì bẹ̀rẹ̀ lédè Hausa kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó ní nígbà tí ọkọ wa wá kẹ́yìn, kí a tó kó wá síbí, mo dá a dúró sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ tó kan òun. Mo ní ọbẹ̀ rẹ̀ tí kò níyọ̀ ló lé e wá sọ́dọ̀ mi. Ó ń lọ dáadáa. Ibi tó yẹ kí ó ti sunkún ló dé, ló bá gbàgbé, ó ní:

“Ìwọ tí o máa ń hanrun bíi mọ́tò elépo!”

Èyí kò sí nínú àdéhùn wa. Ìyàwó kékeré yọrí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó béèrè bó ṣe mọ̀. Ẹnìkejì mi ní ariwo náà ń dún dé yàrá òun. Ó yẹ kí n dúpẹ́ pé ó tètè rí i sọ. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi lóòótọ́. N kò hanrun rí láyé mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo tún un sọ ní Yorùbá, mo kó aṣọ mi lọ sí yàrá kejì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò sùn níbẹ̀ ní tòótọ́. Inú àwọn ìyàwó Àlájì dùn gan-an. Ìyálé gbé fùrá ránṣẹ́ sí mi kí n mu.

Inú Àlájì nìkan ni kò dùn. Ó jókòó síta bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Lọ́jọ́ kejì ó pè wá, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi wa, ẹ̀bi ọkọ wa ni, ó ti pẹ́ jù lẹ́yìn odi. Ó ní kí a ránṣẹ́ pè é, bí kò bá sì wá kí Iléyá tó dé, òun fúnra òun yóò lọ bá àwọn dírẹ́bà ní gáréèjì, wọn yóò wá a jáde fún òun.

Báyìí ló di dandan kí a wá ọkọ.

Fọganáísà kan wà ní Gawon Nama, ọmọ Ọ̀yọ́, tó ń lẹ táyà lábẹ́ igi dòǹgóyárò. Ọ̀kan náà ni àwa àti òun. Ọkùnrin ló ń wù ú, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń gbé pọ̀. Irú wa máa ń dá irú wa mọ̀, bí ẹni tó gbọ́ èdè ìlú rẹ̀ láàárín ọjà. Nígbà tí a rojọ́ fún un, ó nu ọwọ́, ó ní àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ti ń dààmú òun pé kí òun gbéyàwó, ó ti wá di méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wọ bàbánrìgà tó yá, ó wọ awò dúdú, èérí táyà ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Àlájì mú un jókòó sórí ẹní, ó bá a wí láti ìgbà tí oòrùn ṣì wà lókè títí ó fi rọ̀. Ó ní kí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ó pín ara rẹ̀ dọ́gba. Ọkùnrin yìí tẹrí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. A rò pé eré ni. Nígbà tó yá ló sọ fún wa pé bàbá òun kò fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀ rí.

Àmọ́ kò pẹ́ kí ipò ọkọ tó gùn ún. Ó rán mi lómi. Ó dá oúnjẹ padà, ó ní ata rẹ̀ kò tó. Ó ní kí ẹnìkejì mi máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí òun. Ẹnìkejì mi kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sọ ní Yorùbá pé:

“Olówó orí mi, bí ẹ bá tún rán mi níṣẹ́ kan sí i, màá da omi yìí lé yín lórí.”

Àlájì béèrè ohun tó wí. Ọkọ wa ní ìyàwó òun ń sọ pé àárò òun sọ ọ́ púpọ̀ ni.

Láti ìgbà náà, ó máa ń wá lọ́dọọdún. Àlájì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, àwọn ènìyàn àdúgbò tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, wọ́n sì lọ sí yàrá wọn tigi-tigi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rìnrìn-àjò. Òun fo ògiri ẹ̀yìn, ó sáré gba ojú pópó wá sọ́dọ̀ wa, bàtà kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀pà la ń pa nínú àgbàlá nígbà tó wọlé. A kò tíì béèrè nǹkan kan tí a fi gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Àlájì jáde sí wọn. A gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ fún un. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn rẹ̀:

“Ọkùnrin tí ẹ ń wí yìí, ọkọ ìyàwó méjì ni. Èmi ni mo parí ìjà wọn. Bó bá ṣẹ̀, ti obìnrin ni yóò jẹ́.”

Ó pè wá kí a jáde. A fi ìbòrí bo orí, a jáde. Ẹnìkejì mi wo àwọn tó mú igi dání, ó wo fọganáísà tó ń gbọ̀n lẹ́yìn wa, ó sì kọjú ìjà sí i. Ó ní ṣé Sókótó níbí ni ó ti ní yàrá, tó ń sọ fún àwọn pé Ìbàdàn ni òun wà? Obìnrin wo ló gbé síbẹ̀? Kí ló ń jẹ níbẹ̀ tí kò sí nílé àwọn? Ó fà á láṣọ ya. Ó bú u débi pé àwọn tó wá lù ú bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú sùúrù. Ọ̀kan nínú wọn ju igi ọwọ́ rẹ̀ nù kó lè ráyè dì í mú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, àánú ọkọ wa ló ń ṣe wọ́n.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. A fún un ní kókó mu, eyín rẹ̀ ń lu igbá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó lọ sí Kàdúná, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bá a níbẹ̀. Èmi kò yé ronú nípa Àlájì. Irọ́ wa ló gbèjà. Ká ní ó mọ òótọ́ ni, n kò mọ ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ ì bá gbé. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn bíi bàbá, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí mo lè jẹ́ kí ó mọ ẹni tí ó ń gbé nílé rẹ̀.

A sọ fún un pé ọkọ wa ti fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Kàdúná, kò sì ní wá mọ́. Inú bí i nítorí tiwa. Ó ní abara-móore-jẹ ni ọkùnrin náà, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Báyìí ni a ṣe di ìyàwó tí ọkọ já jù sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń káàánú, tí ẹnikẹ́ni kò sì yọ lẹ́nu, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí ìyá ẹnìkejì mi di arúgbó ní Ìlọrin tí kò sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, a múra láti máa lọ. Àlájì ra aṣọ méjì fún wa, àwọ̀ kan náà, kí ẹnì kan má bàa rò pé òun fẹ́ràn èkejì jù. Ó ṣàdúrà, ó wọlé.

Ìyálé rẹ̀ dúró títí ó fi wọlé tán. Ó gbé aṣọ ìbora kan fún mi, irú èyí tó nípọn tí àwọn Hausa máa ń hun. Irọ́ ti mọ́ mi lẹ́nu, mo béèrè pé ti orogún mi ńkọ́. Ó wò mí.

“Ọ̀kan ni mo rà,” ó ní. “Ó fẹ̀ tó ẹ̀yin méjèèjì.”

Ó ní òun gbọ́ pé ọyẹ́ máa ń mú ní Ìlọrin, ó sì wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀.