Ọ́ìlì Tó Ń Dín Nínú Tánkì Kapembwa

Bí Kapembwa bá fẹ́ lọ fọwọ́, á gbé abọ́ òkèlè ǹsímà rẹ̀ dání, kí ẹnikẹ́ni má baà bù ú. Èmi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta bàbà ní ìlú Mufulira, ó ti fura sí èmi náà rí. Mi ò tíì dárí jì í.

Pọ́ǹpù ọ́ìlì ni wọ́n ní kó máa ṣọ́. Jíà méjì ló wà nínú irin kan tó fún pinpin. Mọ́tò iná ń yí ọ̀kan, ìyẹn ń yí èkejì. Ọ́ìlì á kó sí àlàfo eyín wọn, wọ́n á gbé e gba ẹ̀gbẹ́ irin yí ká, wọ́n á tì í jáde, torí níbi tí eyín wọn ti wọnú ara wọn, kò sí àyè àtipadà. Yóò gba inú páìpù tí omi tútù ń ṣàn yí ká kọjá, kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀, yóò lọ mú ẹ̀rọ ńlá jọ̀lọ̀, yóò sì padà sí tánkì. Bó bá wá ń dín, tí ilẹ̀ sì gbẹ, ta ló ń bù ú?

Kapembwa ní Jere ni, ẹni tó ń fi gírísì sí ẹ̀rọ. Ọmọ ẹ̀yà Ngoni ni Jere, ọmọ ẹ̀yà Bemba ni Kapembwa. Àwọn baba ńlá wọn jagun títí, wọ́n sọ ogun di yẹ̀yẹ́, èébú wá di ìkíni láàárín ẹ̀yà méjèèjì.

"Ajèkúté! Olè! Ọ́ìlì mi dà?"

Jere rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ajọ̀bọ! Lọ wo gọ́tà ẹ̀yìn, ọ́ìlì ẹ ń bómi lọ. Orí igi nìkan lojú yín mọ̀ ọ́n wò!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bí Jere ṣe yí ẹ̀yìn padà, Kapembwa fà mí lápá.

"Mo pè é lólè, ó ń rẹ́rìn-ín. Aláìṣẹ̀ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé kó sunkún ni? Ṣebí eré yín ni."

"Kẹ́ẹ̀gì tó ń gbé relé ńkọ́?"

"Omi ló ń pọn."

"Ìwọ náà mọ̀ nípa ẹ̀."

Ó yọ́ lọ gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì náà. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ó ní Jere ti fọ̀ ọ́ ni. Ló bá gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ lọ. Wọ́n tú ilé Jere lójú ìyàwó àti àna rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan, síbẹ̀ wọ́n ní kó jókòó sílé. Bí wọ́n bá lé e, ilé tó ń gbé bá iṣẹ́ lọ nìyẹn, torí ti ilé-iṣẹ́ ni.

Jere wà nílé, ọ́ìlì ṣì ń dín. Kapembwa bẹ̀rẹ̀ sí í wo èmi. Inú bí mi, mo wọ́ ọ lẹ́wù dé ẹ̀yìn, níbi tí omi tútù ti ń jáde sí gọ́tà. Omi náà ń dán, ọ́ìlì sì léfòó lórí rẹ̀. Páìpù inú omi ti lu, pọ́ǹpù sì lágbára ju omi lọ, òun ló ń ti ọ́ìlì wọnú rẹ̀.

Kapembwa lóṣòó sílẹ̀. "Jere sọ fún mi. Mo rò pé ó ń bú mi ni."

Wọ́n pe Jere padà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó dé, Kapembwa ti dúró dè é lẹ́nu géètì.

"Ajèkúté! O ti dé?" Ó sún mọ́ ọn. "Jere, bú mi. Jọ̀ọ́, bú mi dáadáa."

Jere ṣí akoto orí rẹ̀, ó tẹrí ba.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́."