Àjàgà Tí Káfíńtà Inísà Kàn Mọ́ Mi Lọ́rùn

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Èmi náà, bí ẹlòmíràn bá wá sọ ọ́ fún mi, màá ní kó lọ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi, lápá òsì, nísàlẹ̀ etí, ìyàwó mi sì máa ń fi ìka tọ́ka sí i fún àlejò bí ẹni tó ń fi ilé tuntun hàn. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀.

Tíṣà ni mí ní Ìkìrun. Ìjọ aládùúrà ni mo ń lọ, a máa ń wọ sùtánà funfun, a kì í wọ bàtà. A ní ẹ̀ka ní Ìkìrun, ní Inísà àti ní Òkukù, Bàbá Ìjọ kan ṣoṣo ló sì wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bàbá náà ní agbára òun ti dínkù, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Orúkọ ẹni méjì ló jáde: èmi, àti bàbá kan ní Òkukù tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé.

Kí n má parọ́ nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run: mo fẹ́ oyè náà. Mo fẹ́ ẹ bí ewúrẹ́ ṣe ń fẹ́ èèpo iṣu. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dárúkọ wa ni oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀. Bí mo bá ti dijú, wolé-wolé ni mo máa rí nínú àga ńlá iwájú ìjọ, tó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fún ìjọ ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo sáré lọ fún wọn ní aago ara ògiri. Ó máa ń tètè dé ìsìn, èmi bẹ̀rẹ̀ sí í dé ṣáájú ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. Ìpàdé tí wọn kò pè mí sí ní Inísà, mo lọ. Àdúrà àwọn aboyún ní Òkukù, mo lọ.

Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Dádì, ojú yín ti wọnú. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ jẹ oyè ni, àbí oyè ló ń jẹ yín?"

Mo ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ibẹ̀ la wà tí wòlíì àgbà ìjọ wa fi ránṣẹ́ pé èmi ni màá wàásù ní Òkukù lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ọjọ́ náà gan-an tí àwọn àgbà yóò jókòó lẹ́yìn ìsìn láti mú ẹnì kan. Àkòrí tí wọ́n fún mi ni "Ìsinmi Tòótọ́." Èmi tí mi ò tíì sùn àsùnwọra láti oṣù méjì! Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí apárí wá kọ́ni ní irun dídì.

Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n kọ́ wa pé ohun tí ojú bá rí, ọkàn kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Mo mú ibi tí Olúwa ti ń pe gbogbo ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn pé kí wọ́n wá sinmi. Ọ̀rọ̀ àjàgà wà níbẹ̀. Mo wá bi ara mi pé, ta ló rí àjàgà rí ní gbogbo àgbègbè wa yìí? Ọkọ́ la fi ń kọ ebè. Màlúù tí a mọ̀, yálà ó ń kọjá lọ pẹ̀lú Fúlàní, tàbí ó ti wà nínú ọbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìsìn tí a kì í pariwo kí àjàgà fọ́. Láti kékeré ni mo ti ń fọ́ ohun tí mi ò fojú kàn rí! Mo pinnu pé mo máa gbé àjàgà gidi wọ ìjọ, màá wọ̀ ọ́ sọ́rùn, àti pé nígbà tí ìwàásù bá gbóná tán, màá bọ́ ọ sọ nù lójú gbogbo wọn. Kí wolé-wolé lọ wá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá káfíńtà kan ní Inísà.

"Ọ̀gá tíṣà, kí lẹ pè é?"

"Àjàgà. Pákó gígùn ni, ihò méjì. Ọrùn màlúù kan níhìn-ín, ọrùn èkejì lọ́hùn-ún, kí wọ́n lè jọ fa nǹkan."

"Màlúù mélòó lẹ ní?"

"Mi ò ní màlúù."

Ó wò mí. "Ọrùn ta wá ni?"

"Tèmi."

Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, ó wọn ọrùn mi, ó tún un wọ̀n. Bí mo ṣe ń lọ, mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ nínú ilé pé, "Ìwé àkàjù ni o."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo dúró ní Inísà gbà á. Ó dára, ká má purọ́. Ó là á sí méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, kó lè pa dé mọ́ ọrùn, ó sì gbẹ́ èèkàn igi méjì tó ń kọjá nínú àwọn méjèèjì láti dè wọ́n pọ̀. Bí o bá fa èèkàn yọ, àjàgà á ṣí.

"Pákó yìí ṣì tutù o," káfíńtà ní. "Ẹ ò jẹ́ kí n rí àyè sá a. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Bí èèkàn yẹn bá fi lè wú, kò ní í gbọ́ràn sí yín lẹ́nu mọ́."

"Omi kẹ̀? Ìwàásù ni mo fẹ́ lọ ṣe, kì í ṣe ìrìbọmi."

Ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé mi dé Òkukù yí pákó náà po lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá, èyí gùn ju ọ̀kadà mi lọ. Tẹ́ ẹ bá dì í mọ́wọ́, ẹ máa fi gba ojú ẹni tó ń bọ̀. Ẹ ò ṣe gbé e kọ́rùn?" Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Mo gbé e kọ́rùn, mo ki èèkàn bọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ kan di Bíbélì mú, mo fi èkejì di ọlọ́kadà mú, a gbéra.

A kò tíì fi Inísà sílẹ̀ tán tí òjò fi dé. Kì í ṣe òjò tó ń kìlọ̀. Ó kàn bọ́ ni, bí ẹni da omi ìwẹ̀ nù.

Nígbà tí a fi máa wọ Òkukù, òjò ti dá, omi ń kán ní imú mi, sùtánà ti lẹ̀ mọ́ mi lára. Ní Òkukù, bí ewúrẹ́ kan bá ya olè, tó ń gba inú ọgbà wọ oko ẹ̀gẹ́ olóko, igi onígun mẹ́ta ni wọ́n ń dè mọ́ ọn lọ́rùn, kó má baà lè kọjá níbi tóóró. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá títì wá rí mi lórí ọ̀kadà, ó gbé ṣíbí sókè.

"Ẹ kú ewu òjò o, bàbá! Ẹ̀gẹ́ ta lẹ jẹ?"

Gbogbo àwọn tó ń dúró de àkàrà bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bí mo ṣe wọ ìjọ, gbogbo ojú yí sí mi lọ́rùn. Inú mi dùn. Mo wàásù, ẹ̀yin èèyàn mi, mo wàásù! Mo ka ibi tí Olúwa ti ń pe aláàárẹ̀, mo pa Bíbélì dé, mo fi àjàgà yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, àwọn ìlà iwájú ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà gbá wọn lórí. Mo ní, "Wàhálà tó wà lọ́rùn rẹ, Jésù fẹ́ bọ́ ọ lónìí! Báyìí ni yóò ṣe bọ́ ọ!"

Mo fa èèkàn. Kò mì.

Mo rẹ́rìn-ín sí ìjọ. Mo tún fà á. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ògiri, mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Igi ti mu omi yó, ó wú, ó rọra jókòó sínú ilé rẹ̀.

Olórí ẹgbẹ́ aládùúrà ló kọ́kọ́ fò dìde, ó gbá agogo mú. "Ìjọ! Ẹ dìde! Ogun dé! Àjàgà!"

"Fọ́!" ni gbogbo ìjọ fi dáhùn.

"Àjàgà ilé baba!"

"Fọ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "káfíńtà ló..."

"Ẹ bi í níbi tó ti wá!"

"Inísà ló ti wá," mo dáhùn.

"Ta ló gbé e lé ọ lọ́rùn?"

"Èmi ni."

"Ẹ gbọ́! Ó ti ń jẹ́wọ́!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà kí àjàgà fọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín. Wọ́n jà, wọ́n gbọ̀n mí jìgìjìgì, wọ́n da omi àdúrà sí i, igi náà sì mu ìyẹn náà, ó tún wú sí i. Àjàgà kan ṣoṣo tí ìjọ wa tíì fojú rí, wọn ò lè rí i fọ́. A pe káfíńtà lórí fóònù, fóònù rẹ̀ ti kú. Ẹnì kan mú ayùn wá. Mo ní kí wọ́n má fi ayùn sún mọ́ ọ̀nà ọ̀fun tí mo fi ń jẹun. Wolé-wolé náà wá, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu ọrùn mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, tíṣà." Nínú ọkàn mi mo ní, dáadáa, ìwọ ni ọjọ́ òní dùn mọ́.

Màmá àgbà tó ń gbálẹ̀ ìjọ ló gbà mí. Ilé rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ sí ìjọ. Ó fà mí lọ́wọ́ jáde láàrin ariwo náà bí ẹni ń fa ewúrẹ́, ó tẹ́ ẹní fún mi lójú oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ níwájú ilé, ó fi àdín pa ọrùn mi tó ti bó.

"Má fà á mọ́," ó ní. "Igi tó bá mu omi, oòrùn ló ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí o ṣe ń jà ni ọrùn rẹ ń wú, tí òun náà ń wú. Ta ló máa wá dẹwọ́ fún èkejì nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Màmá, àwọn àgbà ń jókòó lọ́wọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n..."

"O fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tóóró yàrá ìpàdé wọn wọlé pẹ̀lú pákó yìí? Jókòó."

Mo jókòó. Ó wo àjàgà náà títí, ó wá fi ọwọ́ kan ihò kejì tó ṣófo.

"Ta ló ni ibí yìí?"

"Màmá, màlúù kejì ni."

"Ìwọ nìkan lo wá ń fà á láti Ìkìrun." Ó mi orí. "Tíṣà, o ò ka ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ láàárọ̀. Mi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń kà á fún wa. Kò sọ pé òun máa bọ́ ọ kí ọrùn wa ṣófo. Ó ní ká gba tòun sọ́rùn. Wo ìyẹn." Ó nawọ́ sí ewúrẹ́ rẹ̀ kan tó ní igi lọ́rùn, tó dùbúlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń jẹ àpọ̀jẹ. "Nígbà tí ọrùn ẹ̀ ṣófo, oko dé oko ni, òkò dé òkò. Kò sí ẹni tí kò lé e rí. Ọjọ́ tí mo ti de igi mọ́ ọn ló ti ń sùn."

Mo fẹ́ fèsì. Tíṣà ni mí, mo máa ń ní èsì. Ṣùgbọ́n oòrùn náà móoru, àdín tutù lọ́rùn mi, ewúrẹ́ ń jẹ àpọ̀jẹ. Mo ní kí n kàn fi orí lélẹ̀ díẹ̀ kí n tó dáhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo lajú. Inú ilé ni mo wà, aṣọ Màmá wà lára mi, ọrùn mi ṣófo. Wọ́n ní èèkàn ti gbẹ, ó sì ti dẹ̀ fúnra rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, Màmá fi ìka méjì fà á yọ, mi ò sì mọ̀. Àjàgà wà lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ti sá ewé gbòdògì lé e lórí.

Wòlíì àgbà ló jí mi. Ó jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ ń dán.

"Bàbá Ìjọ!" ó ní.

Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ló wọlé.

"Ìwọ ni mò ń pè. Àwọn àgbà ti fẹnu kò. Ẹni tí àjàgà wọ̀ lọ́rùn tó kọ̀ láti bọ́, òun ni Olúwa fẹ́ kó ru ẹrù ìjọ. Àmì ni."

"Wòlíì, òjò ni sà. Pákó tútù ni. Òjò ló pa á."

"Ta ló rán òjò?"

Wòlíì ti ń ka iṣẹ́: ìpàdé Ìkìrun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ti Inísà lọ́jọ́rú, ìjà tó wà láàrin ẹgbẹ́ akọrin, ta ni yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ohun tí mo fi oṣù méjì wá nìyí o, ó ń bọ̀ lọ́wọ́ mi.

"Wolé-wolé ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé kò bínú?"

"Òun ló kọ́kọ́ dìde tó ní ìwọ ni kí a fún! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ní òun ò fẹ́. Ó ní òun ti wo ilé onílé tó, ó kù kí òun máa sùn nínú ti òun."

Oṣù méjì, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọkùnrin tí mi ò torí ẹ̀ sùn, ó ń sùn ní tiẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Mo fọwọ́ kan ọrùn mi. Mo wo ewúrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wòlíì, mo ní, "Ẹ má bínú sà. Ẹ fún ẹlòmíràn. Èyí tó wà lọ́rùn mi nílé ìwé tó mi, ẹ kàn bá mi bẹ Olúwa kó wá bọ́ sínú ihò kejì rẹ̀."

Wòlíì kò lóye, ó ní àdúrà ló kù fún mi. Màmá rẹ́rìn-ín, ó bu ògì fún mi.

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Òkukù kí n lè bá ẹ̀kọ́ kẹta ọjọ́ náà nílé ìwé. Mo jókòó sídìí fèrèsé, mo rí Inísà bí ó ṣe ń kọjá, mo rí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ìyẹn ni mo rí gbẹ̀yìn.

Ẹnì kan ń gbọ̀n mí léjìká. Kọ́ndọ́ ọkọ̀ náà ni.

"Bàbá, ẹ dìde, a ti dé."

"Ìkìrun?"

"Ìkìrun kẹ̀? Òṣogbo nìyí. A pè yín títí ní Ìkìrun. Ẹ ń hanrun."