Má-Jókòó Fọ Orúkọ Àwo Dànù

Ọjọ́ tí Má-Jókòó fi orin kí ọ̀gá ilé-ìwé tó fẹ̀yìn tì káàbọ̀, àwọn tí kò sí níbẹ̀ pàápàá máa ń búra pé àwọn wà níbẹ̀. Ọ̀sán Sunday ni. Gbọ̀ngàn kún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Má-Jókòó gbé makirofóònù, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kí gbogbo ènìyàn dìde, pé ọ̀gá fẹ́ fi orin tútù rọra wọlé. Ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ sórí àwo. Igbe ọkùnrin kan ló jáde, bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lẹ́sẹ̀, ìlù àti fèrè sì gbá tẹ̀lé e. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì jó wọlé títí dé ìdí àga tí wọ́n tẹ́ fún un. Ìyàwó ń sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rántí orúnkún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Má-Jókòó pé kí ló ṣẹlẹ̀, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an nìyẹn."

Irọ́ ni. Orin tútù tó ń wá wà níbì kan nínú àpótí, ṣùgbọ́n kò mọ èwo ni, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló fọ orúkọ gbogbo àwo rẹ̀ dànù lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ló mọ ìtàn náà délẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni díjè tó ń lu orin fọ́ńkì àti sóòlù ní gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ tó wà ní ìkángun òpópónà wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ sínú makirofóònù ló fún un lórúkọ: "Má jókòó." Ó máa ń sọ ọ́ fún arúgbó, ó máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà tuntun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún ọlọ́pàá tó wá béèrè ìwé àṣẹ gbọ̀ngàn, ọlọ́pàá náà sì jó fún odindi wákàtí kan kó tó rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ẹni tó kó bá a ni díjè tó ń lu orin ní gbọ̀ngàn òdìkejì títì. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ó máa ń wọ awò ojú, wọ́n sì ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n torí pé kò gbà rí pé òun ṣàṣìṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n á wọlé, á ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, á jókòó ti ẹ̀rọ, á wá máa yí orí bí àwo ṣe ń yí kó lè ka orúkọ tó wà láàárín rẹ̀. Tó bá di Sunday tó tẹ̀lé e, orin kan náà á máa dún ní òdìkejì títì. Má-Jókòó lẹ bébà funfun bo orúkọ mọ́lẹ̀, ẹnì kan yọ́ ṣí i. Ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì wá. Bí Sátidé kan ṣe dé, ó pọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bókéètì, ó da ọṣẹ sí i, ó sì kó àwo ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀ wọ balùwẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá àwo dúdú lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí àga, lójú fèrèsé, omi ń kán lára wọn.

"Dádì, kí lẹ ń fọ̀?"

"Olè ni mò ń fọ̀ kúrò lára wọn."

"Ẹ̀yin fúnra yín ń kọ́? Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ wọ́n?"

"Ìwọ náà. Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá kọ orúkọ sí ọmọ mi níwájú orí kí n tó mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ ti pe Nọ́ọ̀sì ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí."

Má-Jókòó ń fi aṣọ ìnura nu àwo lọ. Ìyàwó rẹ̀ wò yíká yàrá, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Tiwa ń kọ́? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ fọ tiwa."

"Mo fọ̀ ọ́. Tiwa wà lọ́kàn mi."

Àwo kan wà tó jẹ́ tiwọn lóòótọ́. Nígbà tí ìyá Nọ́ọ̀sì ṣì jẹ́ ọmọge, wọ́n rán an lọ sí gbọ̀ngàn náà pé kó lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ̀ tí kò wálé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, díjè gbé orin kan sí i, ọmọge sì gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ẹ̀gbọ́n ló padà wá fà á lọ́wọ́ lọ sílé. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, tí ọjọ́ yẹn bá pé, Má-Jókòó á gbé àwo náà sí i ní pálọ̀, á fi ẹ̀rọ sílẹ̀, á wá bá ìyàwó rẹ̀ jó. Òun nìkan ni ọjọ́ tó ń jó nínú ọdún. Ó máa ń sọ pé díjè tó bá ń jó dà bí awakọ̀ tó ń sùn. Ìyàwó kò bi í léèrè orúkọ orin náà rí, torí pé kò sí ìdí. Orin wà nílé, ẹni tó ń gbé e sí i náà wà nílé.

Oṣù mẹ́fà gbáko lẹ́yìn fífọ̀ náà ni ẹnikẹ́ni kò mọ orin tó ń bọ̀, títí kan díjè. Gbọ̀ngàn sì kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Má-Jókòó á gbé àwo sókè sí iná, á gbóòórùn rẹ̀, á mi orí bí ẹni tó rí ohun tó ń wá, á wá gbé e sí i pẹ̀lú àdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún fi yí po, ìka rẹ̀ ti mọ gbogbo wọn. Ó lè di ojú, kó fi àtàńpàkò tọ́ ẹ̀gbẹ́ àwo wò, kó sọ orin tó jẹ́. Ó wá di agbéraga paraku. Àwọn ènìyàn á kọ orin tí wọ́n fẹ́ sórí bébà, wọ́n á nà án sí i, á kà á fínnífínní, á dúpẹ́, á tì í bọ àpò, á sì gbé orin tó wù ú sí i. Ìyàwó rẹ̀ ka bébà mọ́kàndínlógójì nínú ṣòkòtò kan ṣoṣo nígbà tó fẹ́ fọ̀ ọ́. Bébà kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìyàwó fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Àìsàn tó wá dá a dùbúlẹ̀ nígbà tó yá kò pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sí wọ́ọ̀dù tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń fetí sí ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

"Nọ́ọ̀sì, ìlù yín yìí ń falẹ̀."

"Dádì, ọkàn yín ni."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi yí i sókè díẹ̀."

Tí dókítà bá ń bọ̀, á kéde rẹ̀ bí ẹni tó di makirofóònù mú, àwọn aláìsàn tó kù á sì pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní òun kò fẹ́ kí wọ́n tíì dá òun sílẹ̀ lọ sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò rọra ń rọ̀, Má-Jókòó sùn, kò sì jí mọ́. Nọ́ọ̀sì sunkún níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù, kò sì tijú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá rẹ̀ ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́. "Bá mi wá orin wa. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Àpótí mẹ́fà wà níbẹ̀, kò sí orúkọ lára àwo kankan. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá rẹ̀ fi ẹnu kọ ọ́ fún òun. Ìyá kọ ọ́, ó sì jọ orin ìdájí tí wọ́n fi ń jí ọmọ ilé-ìwé. Gbogbo orin tí ìyá bá kọ ló máa ń jọ ìyẹn. Nọ́ọ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá á gbọ́ díẹ̀, á ní, "Kì í ṣe èyí." Wọ́n gbọ́ àwo mọ́kàndínláàádọ́ta báyìí. Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì kò sì mọ ẹ̀rọ, ẹ̀rù ń bà á pé òun lè ha àwo náà kí àwọn tó rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé wá kí wọn kú aráfẹ́rakù. Ó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì yọ ìwé nínípọn kan nínú àpò.

Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, màmá. Gbogbo orin tí ọkọ yín lù láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn wà nínú ìwé yìí. Wọ́n fọ bébà, wọn kò lè fọ etí mi."

Nọ́ọ̀sì gbé àwo kan sí i láti dán an wò. Abẹ́rẹ́ kò tíì kalẹ̀ tán tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pe orúkọ rẹ̀. Ó ní òun lòun kọ́kọ́ ní i. Ìyá ní irọ́ ni, ọkọ òun ló kọ́kọ́ ní i. Wọ́n jà lórí ìyẹn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí Nọ́ọ̀sì gbọ́ tí ìyá rẹ̀ gbé ohùn sókè láti ọjọ́ ìsìnkú. Inú Nọ́ọ̀sì dùn.

Ó wá sọ ohun tí wọ́n ń wá fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọkùnrin náà ṣí ìwé rẹ̀.

"Lọ́dọọdún, ọ̀sẹ̀ kan wà tí àwo kan kì í sí nínú àpótí wọn. Àwo kan náà ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ṣáà mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ."

Ó kúnlẹ̀ ti àpótí, ó ń gbọ́ wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ọ̀kan nínú àpótí kẹrin. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Gìtá kan bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ìlù wọlé tẹ̀lé e, ohùn obìnrin kan sì gùn ún. Ọwọ́ ìyá dúró lórí apá àga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú sálúbàtà. Ó di ojú, Nọ́ọ̀sì sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún ní pálọ̀ yìí kan náà. Orin parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gé bébà kékeré kan, ó ti ṣí bírò, ó fẹ́ kọ orúkọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àwo.

Ìyá la ojú. Ó wo àwọn àpótí tó kù tí wọn kò tíì gbọ́.

"Kì í ṣe èyí," ó wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìwé rẹ̀. Ó wo ìyá, ó wo Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì sì rọra mi orí sí i pé kó gbà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí kò gbà rí pé òun ṣàṣìṣe pa ìwé dé, ó dé bírò rẹ̀.

"Á jẹ́ pé mo ṣì í, màmá. Ó máa gba àkókò. Ṣé kí n máa yà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ẹ máa yà," ni ìyá wí. Ó tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga. "Ṣùgbọ́n ẹ gbé èyí sí i lẹ́ẹ̀kan sí i ná."