Obìnrin Tó Dá Áńbúláǹsì Dúró ní Géètì

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbọ́ pé Loyce Tidwell dá áńbúláǹsì tó wá gbé ọkọ rẹ̀ dúró ní géètì, ó ní kò ní wọlé àfi bí òun bá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ìdajì yòókù, mo fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, torí èmi náà ń ṣọ́ géètì, mo sì mọ ohun tí géètì máa ń sọ ọmọ èèyàn dà.

Ọdún kejì rèé tí Loyce àti Delmer ọkọ rẹ̀ ti ń gbé inú ilé onítáyà wọn lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ gáàsì, ní gúúsù Texas níbí, máìlì mẹ́fà sí géètì tiwa. Àìsàn Delmer ti jẹ ilé tí wọ́n kọ́kọ́ ní. Rọ́bà dúdú kan wà lójú ọ̀nà. Bí táyà bá ti tẹ̀ ẹ́, aago á dún nínú ilé, ẹni tó wà lójúfò á dé akoto, á sáré jáde lọ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà àti iye èèyàn inú rẹ̀. Ọ̀kan ń sùn, ọ̀kan ń ṣọ́. Loyce a máa sọ pé, "Bẹ́ẹ̀dì wa kì í tutù, ṣùgbọ́n a kì í pàdé níbẹ̀."

Òfin kan ṣoṣo ló wà: géètì ò gbọdọ̀ ṣófo. Ó ṣófo pẹ́nrẹ́n, kí ẹ wọ́ ilé yín kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Táyà ilé Loyce sì ti jẹrà. Alángbá ló ń jayé lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fi géètì tiwa sílẹ̀ fún ẹnìkejì mi, mo gbé ìkòkò ẹ̀wà lọ bá a. Mo páàkì síta, mi ò dé orí rọ́bà náà, kí aago má bàa dá a lágara. Ó jókòó síta, akoto lórí, ìwé lórí itan.

"Ṣé òótọ́ ni, Loyce?"

Kò bi mí pé kí ni. Ó ṣí ìwé náà, ó fìka lé ìlà kan: nọ́ńbà, áńbúláǹsì, èèyàn méjì. Ó rí bákan náà pẹ̀lú gbogbo ìlà yòókù.

"Aago dún, mo jáde, mo nawọ́. Mo ti kọ ọ́ tán kí n tó rántí ẹni tí wọ́n wá gbé. Awakọ̀ ní, 'Mà, ṣé kò sí wàhálà?' Mo tún bi í pé èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà mọ́ ọn lẹ́nu. "Agogo mẹ́rin òní ni wọ́n máa la àyà ẹ̀ ní San Antonio. Dókítà ní bí mo bá fẹ́ rí i, kí n wá rí i ṣáájú."

Agogo kan ọ̀sán ti kọjá. Wákàtí méjì ni ọkọ̀ fi ń débẹ̀.

"Jẹ́ n bá ẹ ṣọ́ ọ."

"Orúkọ ẹ ò sí fún géètì yìí. Wọ́n á lé ìwọ náà."

Aago dún. Kirby ọ̀gá wa ló dé, ọmọ tí àbígbẹ̀yìn mi ṣe ẹ̀gbọ́n fún. Kí Ọlọ́run dárí iyèméjì mi jì mí: Loyce dìde, ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀.

"Mà, alẹ́ ni ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín tó lè dé."

"Mo ti ń pè yín láti ìdájí, ọmọ mi."

"Mo gbọ́, mà. Mò ń gbàdúrà fún bàbá."

"Ó dáa. Gba akoto, kí o máa gba àdúrà náà níbí."

"Èmi kẹ̀? Géètì mọ́kànlá ló wà lọ́rùn mi!"

"Ọkọ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn tèmi."

"Tẹ́ ẹ bá kúrò, wọ́n á wọ́ ilé yìí jáde kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè dé títì kó má tú ká. Ibo ni bàbá máa padà sí? Ẹ rò ó, mà. Kì í ṣe èmi, òfin ni. Bàbá fúnra wọn ò ní fẹ́ kí…"

Loyce ṣí akoto, ó gbé e lé orí ìwé, ó gbé ìwé lé orí àga. Kirby ṣì ń ka òfin lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ó kọjú sí ọkọ̀ mi, ó tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn kì í mú aago dún.