Àpótí Tí Felicia Yàn fún Kọ̀ǹpútà Rẹ̀

Ní Èmùré-Èkìtì, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sábà máa ń sin òkú, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣe ìdúpẹ́, àárọ̀ ọjọ́ Ajé sì ni àwọn ọmọ olóòkú ń gbéra padà sí Èkó, Àbújá àti ibi gbogbo tí wọ́n ti wá. Ẹni tó bá ń ṣe fídíò òkú nílùú náà mọ̀ pé gbogbo àyè tí òun ní nìyẹn. Bí fídíò bá jáde kí ọkọ̀ wọn tó ṣí, wọ́n á gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, ọ̀rọ̀ di “ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù”, ohun tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù kì í pẹ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í wò mọ́.

Felicia Ògúnyẹmí mọ èyí dáadáa. Atẹ̀wé ni ní káńsù, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ti wà nílé, nínú yàrá kan tó yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kejì yìí. Òun kọ́ ló ń gbé kámẹ́rà. Sàkáríyà, ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé, ló ń lọ sóde ya àwòrán. Felicia ló ń gé e, tó ń tò ó, tó ń fi orin sí i, títí tí ẹkún àti ijó ọjọ́ mẹ́ta á fi di wákàtí méjì.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ju Bíbélì ńlá lọ. Nítorí iná ló ṣe rà á: kì í jẹ iná, sólà orí òrùlé rẹ̀ sì lè gbé e láti àárọ̀ dalẹ́. Ó sìn ín fún ọdún márùn-ún láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n Sàkáríyà lọ ra kámẹ́rà tuntun, èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun irùngbọ̀n àlùfáà, ni ẹrù bá wọ kọ̀ǹpútà lọ́rùn. Nígbà tó bá yẹ kó po gbogbo ègé náà pọ̀ di fídíò kan ṣoṣo, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní rẹ́ńdà, wákàtí mẹ́rìnlá ló ń gbà á. Ní oṣù kejì, fídíò òkú ìdílé kan láti Ògòtún já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ ṣì ku ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọkọ̀ àwọn olóòkú dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n lọ.

Kò pẹ́ sí i ni ìyá àwọn Adégòkè kú. Olúkáyọ̀dé, àkọ́bí rẹ̀, wá bá Felicia ní káńsù. Kò tilẹ̀ jókòó.

“Felicia, mo gbọ́ ti àwọn ará Ògòtún.”

“Bùròdá, kọ̀ǹpútà ni o, kì í ṣe èmi.”

“Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà, ìwọ ni mo mọ̀. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé la ń lọ. Bí kò bá sí lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, àwọn ará Adó ni yóò máa ṣe tiwa láti ìsinsìnyí lọ.”

Ìdílé Adégòkè kì í dá rìn. Ibi tí wọ́n bá yà sí, ìdajì ìjọ á yà síbẹ̀. Felicia mọ̀ pé bí wọ́n bá lọ, òun á kù pẹ̀lú ìwé títẹ̀ ní káńsù nìkan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pe Kọ́ládé ní Ìkẹ́rẹ́. Kọ́ládé ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì lẹ́nu bí abẹ.

“Àǹtí, káàdì gíráfíìsì lẹ nílò. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà gbé iṣẹ́ àwòrán.”

“Ṣé wàá bá mi fi sí i?”

“Nínú kékeré yẹn? Àǹtí, ẹ fẹ́ kí n fi erin sínú agolo mílíìkì! Ìta ni yóò wà, wáyà ni yóò fi máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ sì ní láti ra ohun tí yóò jókòó lé. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń bẹ tó jẹ́ àpótí gidi, ó ní fáànù, ó ní iná tirẹ̀ nínú. Ìkejì, ìhòòhò ni. Irin pẹlẹbẹ kan báyìí, wọ́n á gbé káàdì lé e lórí, tọmọdé tàgbà á máa wò ó.”

“Ìhòòhò kẹ̀? Nínú eruku wa yìí? Èyí tó ní ilé ni mo fẹ́.”

“Kò burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ihò lèyí tó ní ilé ń bá ṣe. Ẹ yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò. Ihò pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó dà bíi ti ṣájà fóònù. Ṣé àmì mànàmáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bí kò bá sí, àpótí náà kò ní ṣiṣẹ́.”

Felicia yí i wò. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ló rí, ó nípọn, ó sì gbẹ kọ́rọ́kọ́rọ́. Bí obìnrin ìlú náà bá fẹ́ yá olóòkú ní ìkòkò tàbí kúlà, ó ní láti kọ́kọ́ kun àmì tirẹ̀ sí i, nítorí ibi tí wọ́n ti ń fọ àwo ogójì ilé pọ̀, ohun tí kò bá lámì ti di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e. Nígbà tí Felicia bẹ̀rẹ̀ sí gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sílé òkú, kí ó lè máa gé àwòrán níbẹ̀, ó kun tirẹ̀ náà. Ẹ̀yìn ló kùn ún sí. Ohunkóhun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, ó ti wà lábẹ́ lẹ́tà F ńlá kan.

Ó ronú. Ó dá a lójú pé òun rí àmì kan níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òun rà á. Ohun tí èèyàn bá ń fẹ́ gidigidi, ojú rẹ̀ a máa rántí rẹ̀.

“Ó wà,” ni ó wí.

Kọ́ládé bá ní kí wọ́n fi àpótí náà ránṣẹ́ láti Èkó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìsìnkú, ni ó dé. Felicia gba àyè níbi iṣẹ́, ó fi tówẹ́ẹ̀lì wé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ tó gba Ìsẹ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ó sì gbé e lé itan títí tí wọ́n fi dé.

Àpótí náà wú u lórí. Ó dúdú, ó ń dán, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì pa. Kọ́ládé ti ki káàdì sí i, ọ̀kan tí kò tóbi jù, kí ínfátà sólà Felicia má bàa dákú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò, ó gbé e sún mọ́ iná.

“Àǹtí, kọ̀ǹpútà nìyí àbí kúlà?”

“Kúlà mi náà ní tirẹ̀. Má bú mi, ṣiṣẹ́ ẹ.”

Ó mú òwú àti omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, ó nù ún jẹ́jẹ́. Pupa náà ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Àmì kan yọ lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, ó funfun, kò ju orí ìṣáná lọ. Àwọn méjèèjì tẹrí ba wò ó.

“Fọ́ọ̀kì ni, àmì ihò lásán,” ni Kọ́ládé wí.

“Kò lè jẹ́ mànàmáná tó ti ṣá?”

“Fọ́ọ̀kì ni, Àǹtí.”

Síbẹ̀, ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Iná àpótí tàn, fáànù rẹ̀ ń yí, afẹ́fẹ́ tutù fẹ́ sí Felicia lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé àlejò dé. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, wọ́n yí wáyà padà. Fáànù ń yí lásán.

Felicia jókòó lórí àga. “Bí a bá dá a padà?”

“Yóò gba ọ̀sẹ̀ kan kí òmíràn tó dé. Èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ní kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi.”

“Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń sin ìyá.”

Kọ́ládé tọ́ka sí orí tábìlì tirẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, tí káàdì dúró lé lórí láìsí ìbòrí. “Tèmi nìyẹn. Mo lè fi ṣe pààrọ̀, èmi á ta àpótí yìí fún ẹlòmíràn. Kò nílò ihò yẹn rárá. Inú ikùn kọ̀ǹpútà ni wáyà rẹ̀ ń gbà wọlé.”

“Ó rí bí egungun ẹja.”

“Egungun ló ń ṣiṣẹ́, Àǹtí. Èyí tẹ́ ẹ rà yẹn, aṣọ ló wọ̀.”

Ó tú ìdí kọ̀ǹpútà. Ó fi ìjókòó méjì hàn án. Orí ọ̀kan ni ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jí wà. Orí èkejì ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, bí ègé ṣíngọ́ọ̀mù: ibẹ̀ ni Felicia ń kó fídíò pa mọ́ sí. “Èyí ní láti dìde kí wáyà lè jókòó. Màá fi sínú àpò kékeré kan, yóò máa gbé ìta.”

“Dúró. O mọ ohun tó wà lórí rẹ̀?”

“Fídíò.”

“Òkú mọ́kàndínlọ́gọ́fà ló wà lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn, kò sí ẹni tó tún ní tiwọn mọ́.”

Kọ́ládé gbé sukudiráfà sílẹ̀. Felicia wo àpótí dúdú tó ń dán náà, ó wo irin tó rí bí egungun. Ohun tó wà ní ìpamọ́ nínú ni yóò bọ́ síta, kí èyí tó wà níta tó lè ráyè wọlé. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó tún ro ọkọ̀ tó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì.

“Kọ́kọ́ dà á kọ sí ibòmíràn. Bí o bá parí, kí o ṣí ti bàbá mi kí n rí i. Lẹ́yìn náà, o lè yọ ọ́.”

Dídà á kọ náà gba wákàtí mẹ́ta. Felicia kò kúrò níbẹ̀. Kọ́ládé ra àgbàdo sísè, àwọn méjèèjì jẹ ẹ́ níwájú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, ó ṣí fídíò tí Felicia kọ́kọ́ ṣe láyé rẹ̀. Pósí bàbá rẹ̀ ń jáde láti ẹnu ọ̀nà, àwòrán ń mì, ohùn kò sì mọ́. “Ó dáa,” ni Felicia wí. “Yọ ọ́.”

Nígbà tí Kọ́ládé ki wáyà bọ̀ ọ́ tó sì tàn án, kọ̀ǹpútà pe orúkọ káàdì náà lójú ẹsẹ̀. Ìdérí rẹ̀ kò lè pa dé mọ́ nítorí wáyà. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé lọ sílé òkú mọ́.

Nílé, ó gbé irin náà sórí tábìlì gíga, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀ yàrá náà láìwọ́n omi sílẹ̀. Wọ́n sin ìyá lọ́jọ́ Ẹtì. Sàkáríyà kó àwòrán dé, ó wo káàdì náà, ó ní, “Felicia, kí ló bọ́ aṣọ sílẹ̀ báyìí?” Felicia gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló fi gé àwòrán. Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìdúpẹ́ parí, tó fi ègé ìdúpẹ́ kún un, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó tẹ rẹ́ńdà. Ínfátà ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ní aago márùn-ún kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fídíò jáde.

Felicia kò mọ ohun tí yóò fi àyè náà ṣe. Láti ìgbà tí kámẹ́rà tuntun ti dé, kò tíì ráyè wo fídíò kankan tán kó tó fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rí i pé òun ti gé àbúrò olóògbé kúrò, ìyá arúgbó kan tó dá jókòó sábẹ́ kánópì, tó mú ọ̀kan nínú bàtà olóògbé dání, tí ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni ń bá bàtà sọ̀rọ̀. Ó dá a padà sínú rẹ̀, ìṣẹ́jú kan gbáko, láìsí orin. Ó tún tẹ rẹ́ńdà. Kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù, fídíò ti tún jáde.

Aago méje kù díẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Felicia dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Olúkáyọ̀dé pẹ̀lú fídíò náà nínú fíláàṣì mẹ́rin. Ọkùnrin náà ki ọ̀kan bọ ojú ìwòran ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fò ó síwájú, títí tó fi kan ibi bàtà. Ó dáwọ́ dúró. Ìyàwó rẹ̀ bojú wo ìta. Ìṣẹ́jú kan náà pé, ó pa á.

“A ò rí àbúrò Màmá lọ́jọ́ náà,” ni ó wí.

“Ẹ̀yìn ni wọ́n fi wọ́n sí, Bùròdá.”

Ó yọ fíláàṣì náà, ó fi sínú àpò ẹ̀wù, kì í ṣe inú àpò ọkọ̀. Ó ṣáná sí ọkọ̀. Ó tún yọjú. “Bàbá ìyàwó mi ṣì wà ní móṣúárì. Ìjàn la ti máa sin ín, ọjọ́ Ẹtì kejì oṣù tó ń bọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Felicia kọ ọ́ sílẹ̀.